Ọkọ̀ Bàámi àti Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò

Kò kú. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ẹnu mi gan-an kò tíì gbà á gbọ́: kò kú o. A dé ìsàlẹ̀ odò, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, mo di iwájú ọkọ̀ mú bíi pé èmi ni mò ń tì í, Màámi ń ka sáàmù lẹ́yìn wa láìgbé ohùn sókè, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá igi àgbálùmọ̀ tó máa ń kú sí, ó kọjá òkúta funfun ẹ̀gbẹ́ títì, ó dé orí. Mo ti tó ẹni tó yẹ kó mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbá itan ara mi bí ọmọ jéléósinmi.

Ẹ má bínú, mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi ni mò ń sọ. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni, aláwọ̀ eérú, tó gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba ẹrù. Ìgbà tí mo wà ní pírámárì ló rà á, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá iléèwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ọkọ̀ pẹtiróòlù tó ń dán, òun ní dísẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́ torí kì í mu epo púpọ̀. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ náà kò fẹ̀yìn tì. Epo pupa ni Màámi ń tà níwájú ilé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti Ìmùsìn ló sì ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fún epo. Bàámi ló ń wa ọkọ̀ lọ, tó ń wà á bọ̀. Á dé fìlà, á fi gíláàsì sójú, á sì jókòó sídìí ọkọ̀ náà bíi pé ó ń lọ ṣe ìpàdé àwọn tíṣà.

Lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo ń retí èsì, ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ẹ dé iléepo lónìí, kò sí. Ẹ dé ibẹ̀ lọ́la, èèyàn ti tò dé títì. Ni Bàámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́ẹ̀gì ra dísẹ́ẹ̀lì pamọ́ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní in, á ra kẹ́ẹ̀gì kan, á gbé e sẹ́yìn ilé. Láàárín oṣù yẹn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Àìsàn ọ̀hún kì í jà á nílé. Kì í jà á lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ó di ìgbà tí a bá kọjá odò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí ọkọ̀ bá gbé imú sókè láti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Agbára rẹ̀ á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀, Bàámi á máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́, á sì dákẹ́ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bàámi á fa bíréèkì ọwọ́. Èmi á bọ́ sílẹ̀ wá òkúta sẹ́yìn táyà.

Ìbàdí Bàámi kò gbà kó tẹ̀ mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ékòó, èmi ni mo kù. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí gáréèjì ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì kì í lo iná bíi ti pẹtiróòlù, ńṣe ni wọ́n ń fi agbára ti epo wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ojú ọ̀nà epo, ọkọ̀ á dúró bí ẹni tí omi há lọ́fun. Bọ́tìnnì dúdú kan wà lórí fílítà, ohun tó ń sẹ́ epo. Èmi á fi sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá tú bóòtù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ó máa fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì náà, epo á máa jáde pẹ̀lú ìfóòfó bí omi ọṣẹ. N ó tẹ̀ ẹ́ títí ìfóòfó á fi tán, tí epo á máa yọ gbọọrọ. N ó dè é padà. Bàámi á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á dún, a ó máa lọ.

Nígbà àkọ́kọ́, inú mi dùn. Bàámi ń pè mí ní Ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi àtàǹpàkò jà lábẹ́ igi yẹn, ayọ̀ tán níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ ti mọ̀ mí.

"Ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ẹ́ fún ni?" Ìyá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, igi ìdáná lórí rẹ̀.

"Wọ́n ò tíì dána, Mà," ni mo fi dá a lóhùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tètè dá a o, ó ti darúgbó."

Mẹkáníìkì wá, ó gbọ́ ọ, ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n. "Bàbá, pọ́ńpù yín ti gbó. Kò lágbára láti gbé epo gun òkè mọ́. Bí ẹ bá rí tuntun, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Kò sí tuntun n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n mi wá a l'Ékòó, kò rí. Mẹkáníìkì kejì sọ ohun kan náà, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ ṣí i wò. Lóṣù kẹrin, ọkọ̀ kú síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo Màámi nínú, òjò sì ń bọ̀. Bàámi jókòó sínú rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Kò bínú. Ìyẹn ló já mi láyà.

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tí Bàámi ránṣẹ́ pè wá láti Ayépé. Ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń rà, á tú wọn, á tà wọ́n ní ẹ̀yà-ẹ̀yà bí ẹran màlúù. Ó yí ọkọ̀ wa ká lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kàn án.

"Sátidé, aago mẹ́jọ," ló wí. "N ó mú okùn tí n ó fi fà á dání."

"Ó ń rìn," ni Bàámi wí. "Kò nílò okùn."

"Bàbá, gbogbo wọn ló ń rìn lójú ẹni tó ni wọ́n."

 Bàámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu eruku lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wọlé. Mo mọ ohun tí Bàámi máa dà bí ọkọ̀ yẹn bá lọ. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àná, ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n á máa bi pé níbo lò ń lọ. Èmi kò lè wo bàbá mi báyẹn.

Tọ́sìdeè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàámi lọ sípàdé àwọn bàbá ìjọ. Ó ní òun á lo ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì fún ìgbà ìkẹyìn, kó lè kó epo Màámi wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí wọ́n tó wá gbé e. Mo ní kí n yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Màámi sì ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò fẹ́ kí n da epo sórí yanrìn àgbàlá òun mọ́, nítorí náà mo gbé abọ́ tánganran funfun kan sábẹ́. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ fílítà, èyí tí a kì í sábà tú. Epo ṣàn sínú abọ́.

Ohun kan ń yí kiri nínú epo náà.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń pín, ó tún ń so pọ̀. Mo wá ìgò oògùn ikọ́ tó ti tán, mo da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi pín sí méjì. Epo wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, omi. Omi funfun, ó tó ìka méjì.

 Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kan ṣoṣo péré ló ti rọ̀. Iléepo kan náà ni gbogbo ará àdúgbò ti ń rà, ọkọ̀ tiwọn kì í kú. Mo wá rántí ohun tí tíṣà físíìsì wa máa ń sọ, pé omi wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa lọ sùn. Bí ọkọ̀ bá ń rìn ní pẹrẹsẹ, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá gbé imú sókè, omi á ṣàn sẹ́yìn, síbi tí ọ̀pá ti ń fa epo. Pọ́ńpù á wá máa mu omi. Kì í ṣe pé pọ́ńpù gbó. Wọ́n ń fún un lómi mu ni. Ta ni?

Mo gbọ́ ariwo omi ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé.

Mo yọjú. Màámi ló dúró nídìí ẹ̀rọ, ó ń fọ kẹ́ẹ̀gì. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń ta epo pupa ní àdúgbò wa tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mọ́ tó ti Màámi, ohun tó fi ń yangàn nìyẹn, torí ìyẹn sì ni wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, omi tútù lẹ́ẹ̀mejì, á mì í, á dorí rẹ̀ kodò sára ògiri. Ó ti fọ mẹ́rin. Ó na ọwọ́ mú ẹ̀karùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì ni.

 Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó mì í, ó dorí rẹ̀ kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Nígbà tó gbẹ lójú, mo lọ gbé e. Mo dorí rẹ̀ sókè padà, mo yí ẹnu rẹ̀ sí abọ́. Omi tó bí ìdajì ife tú jáde. Inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì ló ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nínú, ẹ ò lè rí i látìta; bí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, omi á sá pamọ́ síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e dìde, á padà sísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, á máa dúró de epo.

"Kí lò ń wò?" Màámi wà lẹ́yìn mi.

"Màámi, ṣé ẹ máa ń fọ èyí náà ni?"

"Kí ló dé tí mi ò ní fọ̀ ọ́? Kẹ́ẹ̀gì kankan kì í dọ̀tí nínú ilé mi."

Mo na abọ́ sí i. Mo fi ìgò hàn án. Mo ṣàlàyé.  Nígbà tí mo ṣe tán, ó jókòó sórí àpótí.

"Ìyẹn ni pé èmi ni mò ń pa ọkọ̀ bàbá ẹ."

"Ẹ ò mọ̀, Màámi."

"Oṣù mẹ́rin. Tó ń fi ìbàdí yẹn jókòó sínú oòrùn." Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi. "Má sọ fún un."

"Wọ́n á gbé e lọ ní Sátidé."

"Mo ní má sọ fún un báyìí. Bí o bá sọ, tó bá tún wá kú lọ́la, á jẹ́ pé o fi ojú mi gbolẹ̀ lásán. Ṣe é kó ṣiṣẹ́ ná. Bó bá gun òkè, èmi fúnra mi á sọ ọ́."

"Bí kò bá gùn ún ńkọ́?"

 Ó wọlé, ó mú aṣọ funfun tó fi ń sẹ́ ògì jáde. "Gbà. Fi sẹ́ epo rẹ̀."

Kò tó wákàtí méjì mọ́ tí Bàámi á fi dé. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú bóòtù ìdí táǹkì, Màámi ń gbé abọ́ fún mi, ó ń gbà á, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dà bí omi tí wọ́n fi fọ iṣu. A jẹ́ kó ṣàn títí epo gidi fi bẹ̀rẹ̀. A fi aṣọ ògì sẹ́ èyí tó dára, a dà á padà. Fílítà àtijọ́ ti dúdú, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mo mọ̀ pé tuntun kan wà. Bàámi ti fi ìwé ìròyìn wé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kò gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó torí kò sí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo wo Màámi. Màámi wo ojú ọ̀run.

"Mi ò rí ẹ," ló wí.

Mo lọ mú un.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ni géètì dún. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Bàámi gbé orí sókè nínú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà, kí ló ń rùn lára rẹ?"

"Dísẹ́ẹ̀lì ni, Sà."

"Kí lò ń wá lábẹ́ ọkọ̀ tí a ti tà?"

Mo wo Màámi. Ó ń bu oúnjẹ, ó ń bù ú lọ sínú abọ́ tó ti kún. "Jẹ́ kí ọmọ dágbére fún ọkọ̀," ló wí. Bàámi mi orí, ó padà sídìí oúnjẹ. 

Fúráìdeè, a gbéra. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé odò yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan tó ju ẹ́ńjìnnì lọ.  Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Èkíní, bóyá mẹkáníìkì ló tọ̀nà, tí pọ́ńpù ti gbó lóòótọ́. Èkejì, bóyá ọwọ́ mi kò de bóòtù kan dáadáa, tó fi jẹ́ pé èmi ni mo máa wá pa á lọ́jọ́ ìkẹyìn. Mò ń kà wọ́n lọ́kàn: ìdí táǹkì, mo dè é. Ìsàlẹ̀ fílítà, mo dè é. Ẹ̀gbẹ́ fílítà. Ṣé mo de ti ẹ̀gbẹ́ fílítà?

A kọjá afárá odò náà. Imú ọkọ̀ dìde.

Ibi tó máa ń wúkọ́ sí, kò wú u. Bàámi yí ojú sí mi díẹ̀, ó padà sí títì. Igi àgbálùmọ̀ ń bọ̀. Màámi dé ibi tí sáàmù náà ti parí, ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Igi àgbálùmọ̀ wà lẹ́yìn wa. Ẹ ti mọ ìyókù.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé bí a ṣe dé orí òkè, tí mo ń gbá itan, Bàámi yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á."

Ó pa á.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mò ń gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń tutù, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bàámi ń wo iwájú. Ìṣẹ́jú kan yẹn gùn ju ìdánwò àṣekágbá lọ. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì dún bíi pé ó ti ń retí rẹ̀.

"Ta ló tún un ṣe?" ló bèèrè.

"Èmi ni mò ń pa á, Tíṣà." Látẹ̀yìn ni ohùn Màámi ti wá. Tíṣà ló máa ń pè é. "Mò ń fọ kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì yín. Omi tó kù nínú rẹ̀ lẹ fi ń bọ́ ọkọ̀. Ọmọ yín ló rí i."

Bàámi kò yí padà. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì, mo rò pé inú ló ń bí i.

"Oṣù mẹ́rin," ló wí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí ọkọ̀ tí inú rẹ̀ mọ́ tó tèmi ní gbogbo Ìjẹ̀bú."

Màámi fi ìdí ìwé sáàmù gbá a léjìká. Ẹ̀rín tirẹ̀ ti ń dà pọ̀ mọ́ ẹkún.

"Fílítà wo lo fi sí i?" Èmi ló yíjú sí báyìí, ẹ̀rín ti tán.

"Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, Sà."

"Mò ń tọ́jú ìyẹn de ọjọ́ tí nǹkan bá le."

"Ó ti le, Bàámi."

Ó wò mí títí. Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa nínú díńgí, ó sì wà wá lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A kó epo Màámi kún ẹ̀yìn, a padà bọ̀, kò kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí ọkùnrin Ayépé fi dé pẹ̀lú okùn rẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ ohun tí Bàámi sọ fún un ní géètì, torí mo ti gbọ́ tí Bàámi ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣeré nínú àpò, mo sì mọ̀ pé okùn náà á padà sí Ayépé lófìfo. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ. Mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri, sókè níbi tí ọwọ́ Màámi kò lè tó bí kò bá gun àpótí. Mo mú okùn pupa tí mo fi sáré fún ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ eré ìdárayá ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ro gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, mo dúró tì í títí ẹ̀kán ìkẹyìn fi bọ́. Mo wá gbé e kọ́.

Màámi jáde pẹ̀lú àwọn kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ó ṣí ẹ̀rọ. Ó ka kẹ́ẹ̀gì, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wo òkè.

"Ìyẹn dọ̀tí," ló wí.

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí, Màámi."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn tirẹ̀.